Níbi Tí Oríọlá Dákẹ́ Sí

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Ilé-ìwé wọlé lónìí. Òjò ká wa mọ́ pápá láàárọ̀, àwọn ọmọ sá wọ kíláàsì, ọ̀gá àgbà sì ní kí á máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé aṣọ wa ò tutù.

Lọ́sàn-án ni Hameedat pè. Ó ti rí gbọ̀ngàn kékeré kan gbà ní ọ̀nà FUTA, ní Àkúrẹ́ níbí. Sátidé kẹrin oṣù kọkànlá la máa gbé géèmù wa jáde fún aráyé wò. Òun ló ń kọ gbogbo àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, Adédèjì ń ya àwòrán, èmi olùkọ́ Yorùbá ni mo ń kọ ìtàn. Ọdún kejì rèé tá a ti ń fi ọjọ́ ìsinmi ṣe é. Ìtàn ọkọ̀ òfurufú kan ni, tó kó àwọn èèyàn tí ayé wọn ti gbẹ, tó ń wá ayé mìíràn fún wọn. Ẹni tó bá ń gbá géèmù náà ni ọ̀gá ọkọ̀.

Orí kẹta ló kù. Níbẹ̀ ni Oríọlá, mẹkáníìkì ọkọ̀, máa kú sí, lórí ayé kan tó jẹ́ kìkì yìnyín. Hameedat àti Adédèjì rò pé mo kàn hùmọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi Ayọ̀délé ni. Mi ò tíì sọ fún wọn. Géèmù yìí ì báà dáa, ì báà má dáa, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí: kí Màmá ní Oǹdó má lọ rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Yàrá Adédèjì ní Òkè Ìjẹ̀bú. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, àwa náà ń pariwo jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló dìjà. Hameedat fi ìlà aláwọ̀ búlúù kan sí òkè ojú kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá ti bọ́ sórí yìnyín, ìlà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, torí afẹ́fẹ́ tó gbé dání ló ń tán lọ. Bó bá tán pátápátá, o ti kú, wàá padà sínú ọkọ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ orí náà látìbẹ̀rẹ̀.

Mo ní ìtàn ni mo kọ, kì í ṣe eré sísá. Mo ní ta ló fẹ́ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń tán lọ lórí rẹ̀? Hameedat ní ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn, pé ẹni tí kò bẹ̀rù nǹkan kan kò ní fetí sí nǹkan kan. Adédèjì ní tòun ni pé àwọn èèyàn mi ń sọ̀rọ̀ jù, pé kí wọ́n tó kí ọ̀gá ọkọ̀ tán láàárọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú iṣẹ́ Hameedat tí mi ò lè kóyán rẹ̀ kéré. Géèmù yìí kì í gbàgbé. Bí o bá purọ́ fún dókítà ọkọ̀ ní orí kìíní, títí wọ orí kejì, á máa wò ọ́ bákan kó tó dá ọ lóhùn. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ̀rọ̀ sí obìnrin náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tó wò mí bẹ́ẹ̀ lónìí, ojú tì mí.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ ọ̀rọ̀ tí Oríọlá máa sọ nígbà tó bá fẹ́ jáde lọ tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ó máa ní, "Ẹ má tilẹ̀kùn o. Mò ń bọ̀ wá jẹ tèmi." Bí Ayọ̀délé ṣe máa ń wí nìyẹn nígbà tá a wà lọ́mọdé, bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná tí bọ́ọ̀lù sì ń pè é níta. Ohun tó wí fún Màmá ní pápá ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tó ń lọ sí òkè òkun náà nìyẹn.

Ìlú Leeds ló kú sí, lọ́dún Kòrónà. Gbogbo ọ̀nà ti dí, a ò rí i gbé wálé. Orí fóònù la ti wo ìsìnkú rẹ̀ ní pálọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já. Àwọn àgbà ilé ò jẹ́ kí Màmá wò ó. Òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwọn obìnrin mú un wọ yàrá, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń kọrin kó má baà gbọ́ ohùn pásítọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò bi ẹnikẹ́ni nínú wa bí wọ́n ṣe ṣe é rí, àwa náà ò sì sọ.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ìsinmi òmìnira. Iná ò lọ látàárọ̀, àfi bí ẹni pé NẸ́PÀ gbàgbé wa síbẹ̀. Mo parí orí kẹta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4

Oǹdó. Láti Owena lọ, kòkó ni wọ́n sá sétí títì, òórùn rẹ̀ kún inú mọ́tò. Adélaní, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe ní Sábó. Ó pe àwọn kan jọ síbẹ̀ kí wọ́n bá wa gbá géèmù náà wò. Hameedat ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí n kàn máa wò wọ́n.

Orí kìíní àti ìkejì dùn mọ́ wọn ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n ń jiyàn nípa dókítà ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò, pé òótọ́ ló ń sọ, pé irọ́ ni. Ìjà inú rẹ̀ ni ò dùn mọ́ wọn. Adélaní ní àwọn ọ̀tá wa ń jà bí ẹni tó ń sùn lọ.

A dé orí kẹta. Oríọlá tún ẹ́ńjìnnì ṣe tán, ó ṣubú, ó kú. Bí mo ṣe kọ ọ́, ọ̀gá ọkọ̀ á mú irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó lọ. Ìbùkún, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, dúró ti òkú náà, ó tẹ gbogbo bọ́tìnì tó wà lára páàdì tí wọ́n fi ń gbá a. Kò gbé. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó fẹ́ fi ara tì í dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún lọ, ó tún dúró tì í, afẹ́fẹ́ tún tán. Adélaní gba páàdì, ohun kan náà lòun náà ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ló yíjú sí mi.

"Tóyè, bọ́tìnì èwo la fi ń gbé e?"

Mo ní kò sí.

"Kò sí? Wo fẹ́ ká fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ síbí, ká máa lọ?"

Ẹnì kan lẹ́yìn sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Wọ́n pa géèmù náà tì. Kò sí ẹni tó bínú, wọ́n kàn gbà pé iṣẹ́ wa ò tíì parí ni.

Lójú ọ̀nà ilé Màmá, mo rò ó títí. Géèmù ilẹ̀ òkèèrè ni mo fi dàgbà. Níbẹ̀, bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń rìn bá kú, wàá tú àpò rẹ̀ wò, wàá sì máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́. Èmi ọmọ Oǹdó, èmi àbúrò Ayọ̀délé, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni máa fẹ́ gbé e.

Ọjọ́ Àìkú, 5

Ilé Màmá ni mo sùn. Màmá bi mí pé kí ni gbogbo ariwo tá a ń pa ní Sábó. Mo ní géèmù ni, pé ìtàn ni, ìtàn tí èèyàn ń bá rìn nínú rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí Màmá ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwé ìtàn tí mo kà lọ́mọdé tí kì í ṣe òun ló rà á. Ó ní kí n gbé e wá kóun kà á. Mo ní kò tíì parí. Ó wò mí díẹ̀, ó sì bu ẹran sí i fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Ìpàdé. Mo ròyìn Oǹdó fún wọn. Adédèjì, ọmọ Ìjàrẹ́, gbá tábìlì. Ó ní àwọn ará Oǹdó ló gbọ́n, pé nígbà tí àbúrò bàbá òun kú sí Sókótó, mọ́tò ni wọ́n háyà lọ gbé e, gbogbo ọmọ ilé ló dáwó. Hameedat jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ní ulé tiwa, oòrùn kì í wọ̀ bá òkú nílẹ̀. Kánò ni bàbá mi àgbà kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Kò sí ẹni tó lè sọ pé a ò fẹ́ràn ẹ̀. Ulẹ̀ Ọlọ́run ni gbogbo ulẹ̀."

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí mo ti ń rò ó pé ibi kan ṣoṣo ló yẹ kí Ayọ̀délé wà. A pinnu pé ọ̀nà méjèèjì la máa ṣe: ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó gbé e, ẹni tó bá fẹ́ sin ín síbẹ̀, kó sin ín. Hameedat ní oorun ti parí fóun nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Bí wọ́n bá gbé Oríọlá wàyí, ó gbé, àmọ́ kò dákẹ́. Àṣìṣe kan wà níbi kan. Òkú náà wà léjìká ọ̀gá ọkọ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ má tilẹ̀kùn o," ní gbogbo ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Adédèjì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Mo jáde lọ ra omi tútù tí òùngbẹ rẹ̀ ò gbẹ mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìsìnkú. Mo kọ àdúrà fún ọ̀gá ọkọ̀, mo pa á rẹ́. Mo kọ orin, mo pa á rẹ́. Gbogbo rẹ̀ dà bíi ti ẹlòmíì. Níkẹyìn mo jẹ́ kó gbẹ́ ilẹ̀, kó bò ó, kó fi irinṣẹ́ rẹ̀ sórí ibojì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wàá rí lójú kọ̀ǹpútà: Dúró àti Máa lọ. Hameedat ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa yìn mí nítorí ọ̀rọ̀ tó kéré.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Àwọn ọmọ yunifásítì gbá a fún wa ní Àkúrẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló gbé e. Àwọn kan sin ín. Ọmọbìnrin kan, Dárasími, sọ pé òun sunkún, pé inú sì tún bí òun, torí òun sin ín tán, afẹ́fẹ́ sì tán kóun tó dé ọkọ̀, géèmù dá òun padà sí ìgbà tí ọkùnrin náà ṣì wà láàyè. Ó ní irú ìyà wo nìyẹn? Gbogbo wọn ló fara mọ́ ọn pé ó yẹ kí èèyàn lè fi ibi tó dé pamọ́ lórí yìnyín, kì í ṣe inú ọkọ̀ nìkan. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ pọ̀ jù, ìjà ò dáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dìde títí ó fi parí.

Hameedat ní bóun bá fọwọ́ kan ibi ìpamọ́ báyìí, gbogbo rẹ̀ lè dà rú kí ọjọ́ wa tó pé. Ó di ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Oǹdó. Ẹnu Adélaní ò mẹ́nu, ó ti sọ fún Màmá. Màmá ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi, kò gbójú sókè.

"Wọ́n ní ẹnì kan wà nínú nǹkan tẹ́ ẹ ń ṣe, tó ń sọ̀rọ̀ bí Ayọ̀délé."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyé. Ó ní wọ́n ní ó kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Ó ní bí a bá ti fi han àwọn ará ìta tán, kí n gbé e wá. Kò béèrè bóyá màá gbé e wá.

Ọjọ́rú, 12

Mo sọ fún Hameedat àti Adédèjì. Adédèjì, tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ń tọrọ àforíjì títí ó fi sú mi. Mo ní mo fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn kúrò, kí n fi òmíràn sí i, kí Màmá tó rí i. Hameedat ní òun lè yọ ọ́ kí omi tó hó, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ rò ó bóyá èmi nìkan ni mo ni ín. Mi ò tíì sọ pé kó yọ ọ́.

Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyí: ọgbọ́n ni àwọn àgbà fi tilẹ̀kùn mọ́ Màmá lọ́jọ́ ìsìnkú. Èmi ni mo fẹ́ ṣí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Ó ti kọjá. Gbọ̀ngàn kún, iná ò lọ, kọ̀ǹpútà kan kú, a tún un tàn. Ọkùnrin àgbàlagbà kan láti Ọ̀dà gbé Oríọlá dé inú ọkọ̀, ó sì béèrè ọ̀nà tó lè gbà sọ fún ìyàwó òkú náà. A ò kọ ìyẹn. Ó rẹ̀ mí, inú mi dùn, mi ò sì lè sùn nítorí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 30

Lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, nígbà tá a jẹun tán, Màmá fa àga sí iwájú tábìlì, ó fi gíláàsì ìwé kíkà sójú. Kò ṣí gèlè. Ó ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń di páàdì mú han òun.

Kò sí ẹni tó gbá géèmù yìí bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló kà, ètè rẹ̀ ń mì. Gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ ló kí, ó sì padà lọ kí àwọn tó ti kí tẹ́lẹ̀. Kò purọ́ fún dókítà. Bí ìjà bá dé, á na páàdì sí mi pé kí n bá òun na àwọn wọ̀nyí, bí mo bá nà wọ́n tán, á gbà á padà. Báyìí la ṣe títí oòrùn fi yí.

Oríọlá dìde láti jáde. Ó ní, "Ẹ má tilẹ̀kùn o. Mò ń bọ̀ wá jẹ tèmi."

Màmá gbé páàdì lé itan. Kò wò mí. Ó ní, "O gbọ́ ọ dáadáa." Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú.

Oríọlá ṣubú sórí yìnyín, ó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì jáde: Gbé e àti Sin ín síbí. Mo ní, "Ìyé, ẹ gbé e. Afẹ́fẹ́ yín á tó o délé."

"Bí ẹ bá tiẹ̀ gbé e wálé lọ́jọ́ yẹn, inú yàrá náà ni wọn ì bá mú mi wọ̀. Mi ò ní rí i." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń kàwé. "Wọ́n ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Tèmi kú, ó tún nù."

Ìlà búlúù ń kúrú. Ó fi ìka tọ́ ọ̀gá ọkọ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹni tí mo jẹ́ yìí, ṣé ìyá rẹ̀ ni?"

"Rárá, Ìyé. Ọ̀gá ọkọ̀ ni yín."

"Kì í ṣe ẹbí rẹ̀?"

"Kì í ṣe ẹbí rẹ̀ rárá."

"Ó dáa. Ó lè sin ín nígbà náà."

Ó gbẹ́ ilẹ̀. Ó bò ó. Ó gbé irinṣẹ́ lé e. Ó tẹ Dúró. Mo sọ fún un pé afẹ́fẹ́ ń tán. Ó ní òun rí i. Ó tún tẹ Dúró. Ó ń tẹ̀ ẹ́ títí ìlà náà fi tán, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, nígbà tó sì mọ́lẹ̀ padà, inú ọkọ̀ la wà, Oríọlá jókòó sídìí tábìlì, ó ń nu irinṣẹ́ rẹ̀.

Ojú tì mí kọjá sísọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, pé àbùkù iṣẹ́ wa ni, pé a ò tíì ṣe ibi ìpamọ́ sórí yìnyín, pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pa á. Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Dákẹ́ ná. Ó ń sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu Oríọlá kó tó jáde, bí èèyàn bá bi í. Adédèjì ti sọ fún mi láìmọye ìgbà pé kò sẹ́ni tó máa kà á, òótọ́ sì ni, kò sẹ́ni tó kà á. Màmá bi í ní gbogbo rẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bóyá òtútù ń mú un. Kí ló jẹ. Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín níbi tó ti ní ọbẹ̀ inú ọkọ̀ kò ní iyọ̀. Ó bi í títí Oríọlá kò fi ní ọ̀rọ̀ tuntun mọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ti tẹ́lẹ̀ sọ. Màmá gbọ́ èyí náà lẹ́ẹ̀kan.

"Ó ti sọ ọ́ tán," ni ó wí.

Ó bá a jáde sórí yìnyín. Oríọlá ṣubú. Lọ́tẹ̀ yìí kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó bò ó, ó gbé irinṣẹ́ lé e, ó tẹ Dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tẹrí ba. Mo gbọ́ tí ó pe orúkọ rẹ̀, kì í ṣe Oríọlá ni ó pè. Ìlà búlúù ṣì kù díẹ̀ nígbà tó tẹ Máa lọ.

Ó rìn dé inú ọkọ̀. Àwọn ará ọkọ̀ tó kù ti dúró, wọ́n ń wo ọ̀gá wọn. Màmá yọ gíláàsì, ó fi etí ìró nù ún, ó tún fi sójú. Ó ní kí n sún mọ́ òun, kí n ka orúkọ wọn fún òun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kóun lè mọ àwọn tó kù tóun máa gbé délé.